Iṣẹ́ Ojú, Iṣẹ́ Sùúrù: Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Pólándì Nígbà Ogun Hitler

Bí wọ́n bá dárúkọ àwọn ọmọ Pólándì tó wa bàálù ìjà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Hitler, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé wọ́n láyà. Wọ́n á ní ìbínú ilé tí wọ́n gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ ló ń gùn wọ́n, pé wọn ò ka ikú sí. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò láyà. Ṣùgbọ́n àyà nìkan kì í já bàálù ẹlòmíràn bọ́ láti òkè. Àwọn tó láyà tí wọn ò mọṣẹ́ pọ̀ lójú òfurufú lọ́dún 1940, ọ̀pọ̀ wọn ò sì pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ni mo fẹ́ ká wò fínnífínní: bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀run, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọ̀tá, ìgbà tí wọ́n máa ń tẹ ìbọn, àti bí ẹni tó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ṣe padà di ọmọ iléèwé láìjanpata jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1940 ni ká ti mú un. Ẹgbẹ́ 303, tí wọ́n fi orúkọ Kościuszko, akọni ilẹ̀ Pólándì àtijọ́, pè, ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní pápákọ̀ Northolt ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbà kí wọ́n jà. Lọ́jọ́ náà, ìdánrawò ni wọ́n bá lọ sókè, àwọn àti bàálù Blenheim mélòó kan tí wọ́n fi ṣe bí ọ̀tá. Lẹ́nu eré yìí ni Ludwik Paszkiewicz ti rí ọ̀wọ́ bàálù Jámánì tòótọ́. Ó ké sí Ronald Kellett, Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú wọn, lórí rédíò. Kò gbọ́ èsì. Ló bá yà kúrò lọ́wọ̀ọ́, ó kọjú sí wọn, ó sì yin ọ̀kan bọ́. Nígbà tó balẹ̀, wọ́n bá a wí pé ó kúrò lọ́wọ̀ọ́ láìgbàṣẹ, wọ́n sì kí i kú oríire lẹ́yìn ìbáwí. Kellett ní kí àwọn ọ̀gá àgbà jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà máa jà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àṣẹ ti dé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yin Messerschmitt 109, bàálù ìjà Jámánì, mẹ́fà bọ́.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ojú Paszkiewicz ló wú mi lórí jù. Gbogbo ẹgbẹ́ ló wà lókè, ojúmọ́ kan náà ló ń tàn sí wọn. Òun ló rí i. Bàálù tó wà ní máìlì mélòó kan sí ọ kò ju àmì ìdọ̀tí ara gíláàsì lọ. Èyí tó ń kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ yóò máa rìn lára gíláàsì náà, ojú á sì tètè mú un. Èyí tó ń bọ̀ wá bá ọ gan-an ni kì í kúrò lójú kan. Ńṣe ló kàn máa ń tóbi sí i, díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lójijì, ìgbà náà sì ti pẹ́ jù fún ẹni tó ń wo aago epo. Ẹni tó bá máa pẹ́ láyé nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ọrùn tí kì í sinmi àti ojú tó ń gbá ojú ọ̀run láti igun dé igun, tí kò sì ní í gbàgbé apá ibi tí oòrùn wà, nítorí ibẹ̀ ni ìkà ti máa ń wá.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó fún wọn ní irú ojú bẹ́ẹ̀ wà ní Dęblin, lẹ́bàá odò Vistula, ní gúúsù ìlà-oòrùn Warsaw. Ilé-ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Idì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti borí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń du àyè kan náà. Wọ́n kọ́ wọn ní ìfò, wọ́n kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn, wọ́n sì kọ́ wọn kí wọ́n má fọkàn tán ohun èlò púpọ̀, nítorí kò kúkú sí ohun èlò púpọ̀ tí wọn ì bá fọkàn tán.

Ẹ wo P.11, bàálù ìjà tó dára jù tí wọ́n ní nígbà tí Jámánì wọ ilẹ̀ wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1939. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká. Bó ṣe nà án nílẹ̀ náà ló ṣe nà án lókè. Ìyẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Òkè ara bàálù ni wọ́n so ó mọ́, ṣùgbọ́n Zygmunt Puławski, onímọ̀ ẹ̀rọ tó yàwòrán rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ nítòsí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó sì jẹ́ kí ó tín-ín-rín níbẹ̀, kí ohunkóhun má bàa dí ojú awakọ̀ láti rí iwájú àti òkè. Nígbà tí irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń wò ó tìyanutìyanu. Ní 1939, ayé ti sáré kọjá rẹ̀. P.11 kò lè rin 400 kìlómítà ní wákàtí kan. Messerschmitt 109 fi ju 150 kìlómítà lọ yá jù ú lọ, kódà àwọn bàálù ajubọ́ǹbù Jámánì kan lè fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ju ìbọn méjì lọ.

Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú irinṣẹ́ yìí, ọ̀nà méjì ló kù fún un: kó tètè kú, tàbí kó mọṣẹ́ dójú àmì. Kò lè lé ọ̀tá bá, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, kó ti gòkè jù ú lọ, kó sì dúró sí ibi tí ọ̀tá máa gbà kọjá. Ìbọn rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn gan-an kó tó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń yanu sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú àìní yìí ló ti wá. Jámánì polongo pé àwọn ti fọ́ bàálù ìjà Pólándì túútúú nílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irọ́ ni. Wọ́n ti tú wọn ká sí àwọn pápá ìkọ̀kọ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jà títí epo àti bàálù fi tán.

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù náà, Rọ́ṣíà wọlé láti ìlà-oòrùn. Àwọn ọmọ ogun òfurufú gbàṣẹ pé kí wọ́n sá gba Rùmáníà. Ìrìn-àjò wọn láti ibẹ̀ tó ìwé kan fúnra rẹ̀: àgọ́ tí wọ́n há wọn mọ́, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fún lówó kó lè wo ibòmíràn, ìwé ìrìnnà ayédèrú, ọkọ̀ ojú omi láti etí Òkun Dúdú. Wọ́n dé Faransé, wọ́n tún jà níbẹ̀. Faransé ṣubú ní oṣù Kẹfà 1940. Erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ìrètí ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn.

Tìfura-tìfura ni Gẹ̀ẹ́sì fi gbà wọ́n. Hugh Dowding, ọ̀gá àgbà àwọn bàálù ìjà, kò mọ̀ bóyá àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun nílé tí wọ́n tún ṣẹ́gun ní Faransé ṣì ní ọkàn láti jà. Ìṣòro èdè tún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó le jù lọ lójú tèmi wà nínú bàálù fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ òsì awakọ̀. Nínú bàálù tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, bí o bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gba epo sí i, o ó fa ọ̀pá epo sẹ́yìn. Nínú Hurricane, bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé fún wọn, o ó tì í síwájú. Ẹ rò ó wò. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọpọlọ ṣe. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ, o fẹ́ sáré, ọwọ́ rẹ ti fà sẹ́yìn kí o tó rántí, ẹ́ńjìnnì ti rọ̀. Nílẹ̀, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ á fa ẹ̀rín. Lókè, ó lè pa ni.

Ẹsẹ̀ bàálù náà ńkọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀ kò ká rí látọdún yìí wá kò ní ohun tó ń rán an létí pé kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó balẹ̀. Àwọn kan gbàgbé, Hurricane sì fi ikùn wọ́ nílẹ̀. Aago ìsáré ń ka máìlì dípò kìlómítà, aago gíga ń ka ẹsẹ̀ bàtà dípò mítà, ti epo ń ka gálọ́ọ̀nù. Gbogbo òǹkà tó ti wọ̀ wọ́n lára, tí wọ́n ti mọ̀ pé báyìí ni eré ṣe gbọ́dọ̀ tó kí èèyàn tó balẹ̀, báyìí ni gíga ṣe gbọ́dọ̀ tó kí èèyàn tó dorí bàálù kodò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti yọ kúrò lórí, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò.

Lẹ́yìn náà ni rédíò. Àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ní èdè ẹnu tiwọn, tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní láti kọ́. Ẹni tó bá ní áńgẹ́lì 15, gíga 15,000 ẹsẹ̀ bàtà ló ń wí. Ẹni tó bá ní kí o ṣe páńkéèkì, kí o padà wá balẹ̀ ló ń sọ. Kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde sí orí pápá, wọ́n de rédíò àti kọ́ńpáàsì mọ́ ọn, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á ní ọ̀wọ́, kí wọ́n máa yí sọ́tùn-ún sósì bí ohùn rédíò bá ti pàṣẹ. Àwọn wo ni wọ́n ní kó gun kẹ̀kẹ́ yìí? Àwọn tí wọ́n ti bá Jámánì jà lókè ìlú méjì ni. Witold Urbanowicz tó wà láàárín wọn ti jẹ́ olùkọ́ ní Dęblin. Ó ti kọ́ ọmọ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fò. Inú bí wọn, kò sì yà mí lẹ́nu. Síbẹ̀ wọ́n wà á. Mo máa ń fi ibi kẹ̀kẹ́ yìí sórí òkè ohun tí mo mọ̀ nípa wọn, ju ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn lọ. Àgbà oníṣẹ́ tó gbà láti padà sí ọ̀wọ́ àwọn ọmọdé, kó lè lo irinṣẹ́ ẹlòmíràn dáadáa, irú rẹ̀ ò pọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sáàárín wọn náà kọ́ nǹkan. John Kent, ọmọ Kánádà tó ṣáájú ìdajì ẹgbẹ́ 303, kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán an síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Pólándì fi ìrù tiwọn kún orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Kentowski, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ká wá sọ̀rọ̀ ìbọn. Hurricane ní ìbọn mẹ́jọ, mẹ́rin nínú ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá di bọ́tìnì rẹ̀ mú láìtú u sílẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni gbogbo ọta á fi tán, o sì di arìnrìn-àjò. Àwọn ìbọn náà ò kọjú síwájú gbọnrangandan. Àwọn mẹkáníìkì máa ń tẹ̀ wọ́n díẹ̀ sínú kí ọta mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè pàdé níbì kan níwájú bàálù. Níbo ni kí wọ́n ti pàdé? Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, 400 yáàdì ni ìlànà Gẹ̀ẹ́sì. Ó bọ́gbọ́n mu lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ní 400 yáàdì, ọta ti ń tú ká, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ bí irun orí, gbogbo rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn ọmọ Pólándì kò bá ìlànà yìí ṣe. 200 yáàdì ni wọ́n fẹ́. Àwọn kan ń dúró títí di 100, tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sí àárín 400 àti 100 yìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Ká ní ò ń lé bàálù ajubọ́ǹbù kan, o sì fi 50 máìlì ní wákàtí yá jù ú lọ. Láti 400 yáàdì dé 100, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni. Ẹ ka ení, èjì, títí dé 12, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn bàálù yẹn ti rí ọ, ìbọn rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, iná ọta rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ kọjá. Níwájú rẹ, òrùka ìmọ́lẹ̀ kan wà lórí gíláàsì tí o fi ń wọ̀n ọ̀tá. Ìyẹ́ rẹ̀ kéré nínú òrùka náà. Ó ń tóbi. Ó kan ẹ̀gbẹ́ òrùka. Àtàǹpàkò rẹ wà lórí bọ́tìnì, gbogbo ara rẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o tẹ̀ ẹ́. Kò tíì tó. Ìyẹ́ náà kọjá òrùka, o ti ń rí ìlà ara irin rẹ̀, o ti ń rí àbàwọ́n epo. Ìgbà náà ni wàá tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, lẹ́yìn náà o ó yà kí o má bàa kọlù ú. Ọdẹ tó bá yìnbọn nígbà tó kọ́kọ́ fojú kan ẹran, ariwo ló pa. Àwọn tó ń wò wọ́n láti òkèèrè sọ pé wèrè ló ń ṣe wọ́n, pé wọ́n fẹ́ fi ara wọn lu ọ̀tá. Èmi ò rí wèrè kankan níbẹ̀. Sùúrù ni, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12, níbi tí sùúrù ti ṣòro jù láyé.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀jáfáfá ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Malan ọmọ South Africa, náà ti ń ní kí wọ́n tẹ ìbọn wọn sí 250 yáàdì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe láàárín Gẹ̀ẹ́sì, àṣà gbogbo ilé ni láàárín ọmọ Pólándì.

Bí wọ́n ṣe ń tò náà yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìyẹ́. Ó dára lójú nígbà àyẹyẹ. Ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́ta náà, ìyẹ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ń wò ṣáá kí wọ́n má bàa kọlù ú, ẹni kan ṣoṣo ló ń wo ojú ọ̀run fún gbogbo wọn. Jámánì ti kọ́gbọ́n nínú ogun Sípéènì, wọ́n sì ń fò ní mẹ́rin tó tú ká, kí gbogbo ojú lè ṣiṣẹ́. Ìtò Gẹ̀ẹ́sì ò bá àwọn ọmọ Pólándì lára mu. Bí àyè bá ti yọ, wọ́n á tú ká, àwọn kan á gòkè sápá oòrùn láti dènà àwọn Messerschmitt, àwọn yòókù á já wá láti òkè sáàárín ọ̀wọ́ ajubọ́ǹbù, kí ọ̀wọ́ náà lè fọ́. Ajubọ́ǹbù tó bá ti kúrò nínú ọ̀wọ́, tí àwọn ìbọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò dáàbò bò ó mọ́, iṣẹ́ ti bùṣe lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí Jámánì kọ́kọ́ da ọ̀pọ̀ bọ́ǹbù lu Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ 303 kọ 14 sílẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò lè tò rárá: Josef František. Ọmọ Czech ni, kì í ṣe ọmọ Pólándì, ṣùgbọ́n ó ti sá lọ bá wọn nígbà tí Hitler gba ilẹ̀ tirẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ó máa ń bá wọn gbéra, lẹ́yìn náà á yà lọ ní òun nìkan, á lọ dúró sí ọ̀nà tí àwọn Jámánì máa ń gbà padà sílé nígbà tí epo àti ọta wọn ti ń tán. Wọ́n bá a wí títí, kò gbọ́. Níkẹyìn, wọ́n ṣe ohun tí mo rí bí ọgbọ́n àgbà: wọ́n sọ ọ́ di àlejò ẹgbẹ́, pé kó máa ṣe tirẹ̀ lọ. Wọ́n ka 17 sí i lọ́rùn ní oṣù Kẹsàn-án nìkan. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá, bàálù rẹ̀ já lulẹ̀ ní Ewell, ní Surrey, ó sì kú. Kì í ṣe ọ̀tá ló yin ín bọ́.

Iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé Stanley Vincent, ọ̀gá pápá Northolt, kò gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n túbọ̀ máa bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí iyèméjì rẹ̀ ò tán, ó gbé Hurricane, ó tẹ̀ lé wọn lọ sójú ìjà. Ó rí i bí wọ́n ṣe já bọ́ sáàárín àwọn ajubọ́ǹbù, bí wọ́n ṣe sún mọ́ wọn tó, bí ọ̀wọ́ Jámánì ṣe fọ́. Òun náà fẹ́ yìnbọn. Bó bá ti doríkọ ọ̀kan, ọmọ Pólándì kan á ti já wọ àárín òun àti rẹ̀. Ó balẹ̀, ó sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ká má sọ ọ́ di àsọdùn. Ẹgbẹ́ 303 kọ 126 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn onítàn tó fi ìwé Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ogun ti dín in kù gidigidi. Bó ṣe rí fún gbogbo ẹgbẹ́ nìyẹn, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì: ẹni mẹ́ta á yìnbọn sí bàálù kan láàárín èéfín, olúkúlùkù á rò pé tòun ni. Síbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń wa Hurricane nígbà náà tí iye tirẹ̀ tó ti wọn, oṣù Kẹjọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti jà. Dowding fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ṣiyèméjì, kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé láìsí àwọn ẹgbẹ́ Pólándì, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ìjà náà ṣe parí ni ì bá ṣe parí. Awakọ̀ Pólándì 145 ló bá wọn jà nínú ìjà náà.

Àwọn tí ìwé kì í sábà dárúkọ ni àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀nà kan náà ni àwọn náà gbà dé, Rùmáníà, Faransé, òkun. Ẹ̀yìn Hurricane kì í ṣe irin pọ́nńbélé. Ọ̀pá irin ni, wọ́n fi igi tò ó, wọ́n wá fi aṣọ bò ó. Ọta máa ń wọ̀ ọ́ ní apá kan, á jáde ní apá kejì, kò ní í ba ohun ńlá jẹ́. Wọ́n á gé aṣọ, wọ́n á fi oje lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò, wọ́n á kùn ún, ó di ọ̀la. Ẹnu ìbọn náà, wọ́n máa ń fi pélébé aṣọ dí i kí ọ̀rinrin àti òtútù má bàa wọ̀ ọ́. Bí awakọ̀ bá ti yìnbọn, aṣọ yẹn á fà ya, afẹ́fẹ́ á sì máa súfèé nínú ihò ìbọn nígbà tí bàálù bá ń padà bọ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó dúró létí pápá ti máa ń gbọ́ ìròyìn ìjà kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ti gbé ọta àti epo dání, wọ́n á ti máa sáré bọ̀. Òru ni wọ́n ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Bí iye Hurricane tó lè gbéra láàárọ̀ kò ṣe wálẹ̀ ju bó ṣe wálẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ pé àwọn ọmọ Pólándì yìí gba orí ilẹ̀ wa kọjá. Nígbà tí Òkun Àárín-gbùngbùn di ibi eléwu fún ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó bàálù sínú àpótí wá sí Takoradi ní Gold Coast, wọ́n ń tò ó níbẹ̀, wọ́n á wá wà á gba Èkó, Kánò àti Maiduguri, gba aṣálẹ̀ Sudan dé Íjíbítì. Ìrìn náà ju 3,500 máìlì lọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra ní Takoradi lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1940: Hurricane mẹ́fà, Blenheim kan ṣáájú wọn, nítorí ẹni tó dá nìkan wà nínú Hurricane kò lè máa fò kó tún máa yẹ àwòrán ilẹ̀ wò dáadáa. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kó àwọn awakọ̀ Pólándì wá sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sí oyè nínú rẹ̀. Òjò Èkó lónìí, ọyẹ́ Kánò lọ́la, lẹ́yìn náà iyanrìn tí kò ní àmì kankan. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀, bóyá ni wọ́n á rí i. Bàálù tí wọ́n wà kọjá lórí wa ni wọ́n fi jà ní aṣálẹ̀ Líbíyà.

Ohun tó ná wọn kò kéré. Zdzisław Krasnodębski, ọ̀gá ọmọ Pólándì nínú ẹgbẹ́ 303, jóná gidigidi lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án. Urbanowicz ló gbapò rẹ̀. Wọ́n pa Paszkiewicz lọ́jọ́ 27 oṣù náà. Mirosław Ferić, tó ń kọ ìwé ìtàn ẹgbẹ́ náà lójoojúmọ́, tó máa ń fúngun mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìjà tí wọ́n jà sínú rẹ̀, kú ní Northolt lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì 1942 nígbà tí bàálù ìjà Spitfire rẹ̀ fọ́ lókè. Ìwé náà kò bá a lọ. Ọba George Kẹfà ti fọwọ́ sí i nígbà tó bẹ̀ wọ́n wò, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Sikorski.

Ìgbà tí ogun parí, ilé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà ti bọ́ sábẹ́ Rọ́ṣíà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìjọba tuntun tó wà ní Warsaw. Nígbà tí wọ́n ń yan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹfà 1946 láti ṣe àjọyọ̀ ìṣẹ́gun, awakọ̀ Pólándì 25 péré ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú gbogbo àwọn tó bá wọn jà; wọ́n ní bí wọn ò bá pe àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi, àwọn ò lọ. Inú mi dùn pé wọn ò lọ. Stanisław Skalski, tí wọ́n kà sí ọ̀gá gbogbo wọn nínú iye ọ̀tá tó yin bọ́, padà sílé. Wọ́n mú un lọ́dún 1948, wọ́n dá a lẹ́bi ikú, wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n, kò jáde títí di 1956. Jan Zumbach, tó ya àwòrán Donald Duck sára Spitfire rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn: lọ́dún 1967, ó fi orúkọ John Brown wa bàálù ajubọ́ǹbù B-26 wá fún Bìáfúrà nínú ogun abẹ́lé tiwa. Èmi ò lè yìn ín fún èyí, àwọn èèyàn tí bọ́ǹbù bá nílẹ̀ kò sì ní fẹ́ gbọ́ pé ọ̀jáfáfá ni.

Ọ̀wọ̀n ìrántí àwọn awakọ̀ òfurufú Pólándì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì A40, nítòsí pápá Northolt, ẹyẹ idì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1948 ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Oxford tàbí tí ẹ ń wọ̀lú bọ̀, orúkọ oríta tó wà níbẹ̀ lásán lẹ máa ń rí lára pátákó. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání.